Sìríǹjì ínsúlíìnì tán, ṣé a lè fi ti 2ml gún Màmá?

Ọmọ Òṣómàáló: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá wa ní àtọ̀gbẹ, dókítà sì ní kí wọ́n máa gba ínsúlíìnì yúníìtì 10 láràárọ̀. Sìríǹjì tí wọ́n fún wa ti tán. Kẹ́mííìsì ìtòsí wa níbí ní Iléṣà ò ní irú ẹ̀, ti 2ml ló tà fún wa. Ṣé ojú 1 la máa fà á dé? Àwọn tá a ti lò ńkọ́, ibo la máa dà wọ́n sí?

Apòògùn Ifẹ̀: Ojú 1 kẹ̀? Ẹ dákun, ẹ gbé sìríǹjì yẹn sílẹ̀! Ínsúlíìnì tí wọ́n kọ U-100 sí lára ìgò ẹ̀, yúníìtì 100 ló wà nínú 1ml. Ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí dókítà sọ lẹ máa gún fún wọn yẹn. Ṣúgà ara wọn á já wálẹ̀: òógùn, gbígbọ̀n, wọ́n lè dákú, ẹ̀mí lè bọ́ síbẹ̀. Yúníìtì 10 ò ju 0.1ml lọ, kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n kó pé lára 2ml.

Sìríǹjì ínsúlíìnì U-100 ni kẹ́ ẹ béèrè. Ìdérí ẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn. Ti U-40 wà (ti ínsúlíìnì tó jẹ́ yúníìtì 40 nínú 1ml), ẹ má gbà á. Ti 0.5ml ló dáa jù fún Màmá: ìlà kan, yúníìtì kan. Lára ti 1ml, ìlà kan sábà máa ń jẹ́ yúníìtì 2, ibẹ̀ lojú ti máa ń tan àgbà. Tẹ́ ò bá rí i rà lónìí, ẹ gbé Màmá àti ìgò oògùn wọn lọ sílé ìwòsàn Wesley Guild níbẹ̀ ní Iléṣà.

Ìyá Ìbejì: Tí oògùn náà bá funfun bí omi wàrà, ẹ yí ìgò ẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ bí ìgbà mẹ́wàá, ẹ má mì ín. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ yúníìtì 10 sínú ìgò, ẹ dorí ẹ̀ kodò, kẹ́ ẹ tó fà á. Tí èéfóò bá wà nínú ẹ̀, ẹ fi èékánná ta á, ẹ tì í padà sínú ìgò. Àyè oògùn ló ń gbà.

Tẹ́ ẹ bá gún un tán, ẹ má dé e padà, ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń gún èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn. Ike Hypo tó ti tán ni kẹ́ ẹ máa jù ú sí, torí abẹ́rẹ́ máa ń lu ọ̀rá àti ike omi. Tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe ààtàn o, àwọn ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀.

Ọmọ Òṣómàáló: Ẹ ṣé gan-an. Tó bá gún mi lọ́wọ́ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ. Ẹ má fún ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á. Kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó ń dènà HIV ò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.