Ọgọ́ta Eku tí Mo Fi Dán Orúwo Wò

Ní ọdún 2006 ni mo ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi nínú ìmọ̀ oògùn, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ ẹlẹ́wé-ọmọ ni mí. Ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde ni màámi ti ń ta egbòogi, nítorí náà ewé orúwo, tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ àgbo ibà, ni mo yàn. Olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n wá ìwọ̀n tí yóò pa ìdajì àwọn ẹranko tí a bá fún un. Ọgọ́ta eku funfun ni a kó sínú àgò, mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́nà mẹ́fà.

A ó di awọ ẹ̀yìn ọrùn eku mú, a ó sì ti abẹ́rẹ́ títẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò mú gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọlé. Orúwo kò tètè pa wọ́n, ni a bá ń fi kún un. Ọ̀kan wà tí mo fi tàdáwà sàmì sí ìrù rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo bá a ní igun àgò, irun ara rẹ̀ dìde ṣánṣán, ó fi imú ti lẹ́búlẹ́bú pákó tí a kó wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ń mí gúlegúle. N kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ìrora náà, nítorí ikú rẹ̀ gan-an ni mo jókòó láti kà.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ṣé ẹ ò lè bi àwa tá a ti ń mu ún láti kékeré, kẹ́ ẹ tó pa ọgọ́ta eku?” Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà tán, nítorí oògùn tí kò pani lójú ẹsẹ̀ lè máa ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n iye yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi, pàápàá nígbà tí mo kà á lẹ́yìn ìgbà náà pé OECD, àjọ kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ lórí ìdánwò kẹ́míkà, ti yọ irú ìdánwò tí mo ṣe kúrò láti ọdún 2002, ó sì ti fi èyí tí ń lo ẹranko mẹ́ta-mẹ́ta rọ́pò rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1986 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹranko ṣe ìwádìí láìgba ìwé àṣẹ fún ara rẹ̀, fún iṣẹ́ náà àti fún ibi tí yóò ti ṣe é. Ní tiwa, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ní abala 495, fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí ìtanràn náírà 50 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fìyà jẹ ẹranko. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó ní kí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí ó fi jẹ́ ọgọ́ta. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀nà mìíràn wà, tí kò jìnnà sí wa rárá: láti ọdún 2009 ni OECD ti fọwọ́ sí i pé kí a máa fi ẹyinjú màlúù tí a gbà lọ́wọ́ àwọn alápatà wo ohun tí ó lè ba ojú jẹ́ gidigidi, dípò kí a ta á sí ojú ehoro tí ó wà láàyè.

Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ṣàgámù mú ètò tirẹ̀ wá bá mi, ọgọ́ta náà ni ó kọ síbẹ̀. A jọ tún un kọ. Mẹ́fà ni ó lò, kò sí èyí tí oògùn náà pa. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, wọ́n fi oògùn oorun pa wọ́n láti yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò, èyí sì dùn mí. Ṣùgbọ́n mẹ́rìnléláàádọ́ta ni a kò kó wọ àgò.