Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, VM kan kọ̀ láti ṣiṣẹ́

Adé_Sáfà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Èmi ni mo ta kú pé kí wọ́n ra káàdì 10 gigabit oní-ojú méjì tó ní SR-IOV (ó ń jẹ́ kí káàdì kan pín ara rẹ̀ bíi káàdì púpọ̀), torí orí bridge kan (swíìtì tí sọ́fítíwià ṣe) ni gbogbo VM wa (kọ̀ǹpútà àfarawé inú sáfà) ń gbà, pákẹ́ẹ̀tì gbígbé sì ń jẹ CPU run. Ọ̀gá mi ò kọ́kọ́ gbà. Ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Mo pín ojú àkọ́kọ́ sí VF (ìpín káàdì tí VM kan lè dá lò), mo fún VM mẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì ń sáré dáadáa. Ẹ̀kẹta, èyí tí ọ̀gá ń wò gan-an, ń ping gateway, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti tún dráífà gbé. Oorun ti dá lójú mi. Ṣé káàdì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún wa ni?

Ìyá Linux: Àbúrò, o ròyìn ọ̀gá rẹ tán, o ò dárúkọ dráífà. Kí ni dmesg (àkọsílẹ̀ kernel) sọ? Wo BIOS: ó yẹ kí SR-IOV àti VT-d (tó ń jẹ́ kí a fi káàdì lé VM lọ́wọ́ tààrà) wà ní títàn (AMD-Vi ni tó bá jẹ́ AMD). Wo sriov_totalvfs (iye VF tí káàdì lè ní) kí o tó kọ nọ́ńbà sínú sriov_numvfs (iye tí o fẹ́).

Kébù: VT-d ni. Lọ tan VT-d.

Baba Ráàkì: Irú ẹ̀ ṣe mí rí. Ihò tí mo ki káàdì bọ̀ gùn tó x8, àmọ́ lane (ọ̀nà dátà) x4 péré ló wọ inú rẹ̀. Oní-ojú méjì 25 gigabit ni tèmi. PCIe 3.0 x4 ò lè gbé ju bíi 31 gigabit lọ, ni ojú méjèèjì bá ń du ún mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lo lspci -vv, fi LnkSta (bó ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí) wé LnkCap (ibi tí agbára rẹ̀ dé).

Adé_Sáfà: Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe VT-d, bí kò bá tàn, ṣé VM méjì yòókù á ṣiṣẹ́ ni?

Àjàní_VM: Kí ló ṣe virtio (káàdì àfarawé tí sáfà fúnra rẹ̀ ń gbé pákẹ́ẹ̀tì fún)? VM tó bá di VF mú, live migration rẹ̀ (gbígbé e lọ sí sáfà mìíràn láìpa á) di wàhálà. Lọ́jọ́ tí sáfà bá fẹ́ àtúnṣe, wàá pa VM náà ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ níbí.

Ìyá Linux: Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló nílò ìyẹn, Àjàní. Lórí VF, káàdì fúnra rẹ̀ ló ń fi DMA (kíkọ sínú mẹ́mòrì láìgba ọwọ́ CPU) gbé pákẹ́ẹ̀tì sínú mẹ́mòrì VM, host (sáfà tó gbé VM dání) ò dá sí i.

Àjàní_VM: vhost, tó ń jẹ́ kí kernel ṣe iṣẹ́ virtio, ti dín ìnira yẹn kù.

Ìyá Linux: Ó dín in kù, kò mú un kúrò.

Adé_Sáfà: Ẹ má bínú síra yín nítorí mi. ixgbe ni dráífà. Nínú VM, dmesg dákẹ́. Lórí host, "Spoofed packets detected" (a rí pákẹ́ẹ̀tì ayédèrú) ló ń kọ ṣáá. Kọ̀ǹténà (àpótí tí áàpù ń dá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) ló wà nínú VM kẹta yẹn, mo so wọ́n mọ́ bridge kan nínú rẹ̀, kálukú ní MAC (àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tirẹ̀. Mi ò sọ ọ́ torí ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lórí virtio.

Ìyá Linux: Ibẹ̀ gan-an ló wà! MAC kan ni káàdì mọ̀ mọ́ VF yẹn. Pákẹ́ẹ̀tì tó bá gbé MAC mìíràn jáde, ayédèrú ló kà á sí, ó sì sọ ọ́ nù. Èyí tó ń bọ̀ wá bá kọ̀ǹténà, swíìtì inú káàdì ò mọ ẹni tó ni ín. Lórí host, pa spoofchk (àyẹ̀wò ayédèrú), fọkàn tán VF náà, kí o sì fi ojú káàdì sí promisc (gbígba gbogbo pákẹ́ẹ̀tì, ti ẹni yòówù); láti 0 ni a ti ń ka VF, ìyẹn ni ẹ̀kẹta fi jẹ́ vf 2:

ip link set enp3s0f0 vf 2 spoofchk off
ip link set enp3s0f0 vf 2 trust on
ip link set enp3s0f0 promisc on

ixgbe ò ní gbà kí VF wọ promisc bí PF (ojú káàdì gan-an) ò bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ 82599 ni chip rẹ, má wulẹ̀ ṣe wàhálà, VF tirẹ̀ kì í gba promisc rárá. X540 sókè ló ń gbà á.

Baba Ráàkì: Ẹ rọra o. Bí spoofchk bá kúrò, VM yẹn lè lo MAC ẹlòmíràn. Fún àwọn kọ̀ǹténà ní subnet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré) tiwọn, kí VM máa ṣe ráútà fún wọn. MAC kan ṣoṣo ni yóò máa jáde.

Kébù: Ṣé o ti wo VT-d?

Adé_Sáfà: X550 ni. Mo ti ṣe bí àǹtí ṣe wí, àwọn kọ̀ǹténà ti ń dáhùn! Bàbá, ẹ forí jì mí, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ subnet báyìí, àwa nìkan la ń lo VM náà.

Ìyá Linux: Àwọn àṣẹ yẹn á pòórá bí o bá tún sáfà tàn. Kọ wọ́n sínú systemd (ètò tó ń gbé iṣẹ́ dìde bí sáfà bá tàn), lẹ́yìn sriov_numvfs, kí VM tó gbéra.

Àjàní_VM: Ojú kejì káàdì yẹn ṣófo, àbí? Gbé VM kẹta lọ síbẹ̀ lórí virtio, kí o dá spoofchk padà.

Adé_Sáfà: Mo gbọ́, bọ̀dá. Àmọ́ bridge orí host yẹn, mi ò fẹ́ rí i mọ́.