Ẹ̀yin tí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ dá lágara lọ́nà àtidi dókítà ní Amẹ́ríkà, báwo lẹ ṣe bọ́?

Ọmọ Àkúrẹ́, Maryland
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà ní yunifásítì, premed ni mò ń ṣe, ìyẹn ìpalẹ̀mọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Máàkì sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ti jáde: kẹ́mísìrì C−, bàọ́lọ́jì C, calculus B−, kọ́ọ̀sì ìwé kíkọ nìkan ni mo ti gba A. GPA mi, ìyẹn àárín gbogbo máàkì mi nínú 4.0, jẹ́ 2.5. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, èmi ni mo máa ń gba ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì. Advisor mi, ẹni tó ń gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́, wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní ṣé mi ò tíì ronú nípa nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ti wà níbi tí mo wà yìí rí, tó sì jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún yín. Ìrírí ni mò ń wá, mo ti gbọ́ ìwàásù tó.

Ọmọ Èkìtì ní Dallas
Kí ni àwọn òbí rẹ sọ?

Ọmọ Àkúrẹ́, Maryland
Wọn ò tíì mọ̀, sà.

Ìyá Ìbejì, Houston
Háà.

Aṣọ Funfun
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Résídẹ́ǹtì ni mí báyìí, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ nílé ìwòsàn, ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé. 2.3 lèmi fi bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé mi ò kàwé o. Mò ń kà á mọ́jú. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kàwé nílé ni mo gbé wá síbí: ka nóòtì, tún un kà, fi bírò aláwọ̀ yẹ́lò fa ìlà sí gbogbo ojú ìwé, há a sórí, lọ dà á sílẹ̀ nínú yàrá ìdánwò. Nílé, ìyẹn ti ń gbè mí. Níbí, wọ́n á gbé ìbéèrè tí o ò rí irú rẹ̀ rí síwájú rẹ.

Ìgbà tó di sẹ̀mẹ́sítà kejì ni mo tó lọ sí office hours, àsìkò tí olùkọ́ fi ń jókòó de akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ìbéèrè. Ọmọ Íńdíà kan tó ń ṣe PhD ló jókòó síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo gbé iṣẹ́ kẹ́mísìrì kan fún un, limiting reagent (èròjà tó máa kọ́kọ́ tán), mo ní mo mọ̀ ọ́n, ìparí rẹ̀ nìkan ni kò yé mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdáhùn inú ìwé náà. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi pín in sí méjì níbí?" Mo dákẹ́. Ó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e, ó tún bi mí, mo tún dákẹ́. Gbogbo ìlà yẹn ló wà lórí mi bí Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi, mi ò sì mọ ìdí tí a fi ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Láti ọjọ́ náà, màá pa ìwé dé, màá mú bébà òfìfo, màá ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo bá há sí, ibẹ̀ ni màá lọ kà. Wákàtí tí mo fi ń jókòó ti ìwé dín kù, máàkì sì gòkè. Organic chemistry tí gbogbo ayé ń sá fún, B+ ni mo gbà níbẹ̀, apá kejì A−.

Ìjẹ̀bú Brooklyn
Résídẹ́ǹtì pẹ̀lú 2.3? Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ fi parí?

Aṣọ Funfun
3.5 àti díẹ̀. MCAT, ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, 514. Mo sì ṣiṣẹ́ láàbù lẹ́yìn tí mo gba dìgírì kí n tó fi ìwé ránṣẹ́ rárá.

Oníṣirò
Ẹ jẹ́ ká bá ọmọ náà ṣe é. 15 credit (ìwọ̀n kọ́ọ̀sì) ló ti ṣe ní 2.5. Bó bá ṣe 105 tó kù ní 3.7, 3.55 ni yóò fi jáde. Bó bá jẹ́ 3.5 ló ń gbà, 3.38 ni. Ohun tó bà jẹ́ yẹn, ìdá kan nínú mẹ́jọ lásán ló jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Ìjẹ̀bú Brooklyn
3.7 fún sẹ̀mẹ́sítà méje, pẹ̀lú organic, pẹ̀lú físíìsì, pẹ̀lú biochem. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Àbẹ̀ní Post-bacc
Oníṣirò, o gbàgbé nǹkan méjì. Èkíní, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní kété tó bá jáde, òpin ọdún kẹta ló ń fi ìwé ránṣẹ́. Credit 90 ló máa wà nílẹ̀ nígbà yẹn, 3.7 tí o ń sọ á sì jẹ́ 3.50. Àwọn tó ń wọlé MD, oyè dókítà tó wọ́pọ̀ jù níbí, lọ́dọọdún, àárín GPA wọn sún mọ́ 3.8. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ irú wa fi ń dúró di lẹ́yìn ọdún kẹrin. Èkejì, AMCAS, àjọ tí à ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ MD, máa ń yọ GPA sáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀: bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì, físíìsì, ìṣirò. A tó wà nínú ìwé kíkọ kò sí níbẹ̀. Ti ọmọ yìí, 2.13 ni.

Ọmọ Àkúrẹ́, Maryland
Mi ò mọ ìyẹn. Ẹ ṣé, mà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ ṣé.

Tóyọ̀sí
Tún kẹ́mísìrì yẹn kọ́ ní kíá, C− náà á parẹ́, wàhálà parí.

Àbẹ̀ní Post-bacc
Kò ní parẹ́ o! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọlọ́mọ. Yunifásítì rẹ̀ lè fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́ nínú ìwé tiwọn. AMCAS ò bá wọn dá sí i, méjèèjì ni wọ́n ń kà. Ẹ̀ka DO, oyè dókítà kejì tó wà níbí, ni wọ́n ń rọ́pò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn náà ti jáwọ́ níbẹ̀ láti 2017. Síbẹ̀, C− yẹn, ó yẹ kó tún un kọ́, torí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í gba ohun tó bá kéré sí C. Ti bàọ́lọ́jì ni kó fi sílẹ̀, kó lọ gba A nínú bàọ́lọ́jì tó ga jù ú lọ.

Tóyọ̀sí
Ọ̀dọ̀ advisor mi ni mo ti gbọ́ ọ o.

Àbẹ̀ní Post-bacc
Ọ̀rọ̀ ìwé yunifásítì ló ń bá ẹ sọ.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi gẹ́gẹ́ bí òbí, ẹ má bínú bó bá gùn. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe láti ìgbà tí mo ti yege NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì. Àkọ́bí mi obìnrin wọ premed. Láti kékeré ni mo ti ń pè é ní Dókítà mi. Dókítà mi, wá jẹun. Dókítà mi, wá gbálẹ̀ yìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ parí, kò sọ nǹkan kan. Ìkejì parí, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́tà ló dé láti ọ́fíìsì owó ìrànwọ́, pé GPA rẹ̀ ti já wá sí ìsàlẹ̀ 2.0, bí kò bá tún un ṣe, owó ìjọba á dúró. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, scrubs ṣì wà lọ́rùn mi, orí ìdúró ni mo ti kà á ní kíṣìnì. Mo pè é. Mo ní, "Dókítà mi, kí ni mò ń kà yìí?" Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ló bá bú sẹ́kún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì mi.

Ọmọ Àkúrẹ́, sọ fún wọn kí lẹ́tà tó bá ọ sọ ọ́.

Ìjẹ̀bú Brooklyn
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń kọ lẹ́tà sí òbí ní Amẹ́ríkà yìí? Láìjẹ́ pé ọmọ fọwọ́ sí i, òfin kì í sábà gbà wọ́n láyè.

Ìyá Ìbejì, Houston
Orúkọ ọmọ ló wà lára ẹ̀, àdírẹ́sì ilé mi. Ta ló fẹ́ dá mi dúró kí n má tú u?

Ìjẹ̀bú Brooklyn
Kò sẹ́ni tó lè dá yín dúró, mà.

Bísọ́lá Atlanta
"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo ń sunkún nínú mọ́tò níwájú ilé ìtajà báyìí. Orúkọ mi nínú fóònù Dádì mi títí di òní ni Dókítà Wa. Akáńtì ni mo kà, mo fẹ́ràn rẹ̀, èmi ni mò ń bá wọn ṣe táàsì lọ́dọọdún. Wọn ò yí i padà.

Ọmọ Èkìtì ní Dallas
Ẹ má jẹ́ ká sọ àdúrà di ẹ̀ṣẹ̀ o. Orúkọ ń ro ọmọ. Bàbá mi pè mí ní Ẹnjiníà kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ẹnjiníà náà ni mo dà.

Bísọ́lá Atlanta
Ẹ̀gbọ́n, orúkọ tí ẹ sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ ló ń ro ó. Iṣẹ́ tí òbí fẹ́ ṣe tí kò rí ṣe kì í ṣe orúkọ.

Ọmọ Èkìtì ní Dallas
Ta ló sọ pé mo fẹ́ ṣe é tí mi ò rí ṣe? Bàbá mi ni mo ń sọ.

Bísọ́lá Atlanta
Ẹ má bínú, sà. Inú ló ń bí mi, kì í ṣe sí yín.

Ọmọ Èkìtì ní Dallas
Mo gbọ́. Àwa náà ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́mọ nílẹ̀ yìí ni.

Aṣọ Funfun
Ìyá Ìbejì, ọmọ náà ńkọ́ báyìí?

Ìyá Ìbejì, Houston
Respiratory therapist ni. Àkókò Kòrónà, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tí àwọn aláìsàn fi ń mí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo fi ń pè é báyìí.

Tóyọ̀sí
Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lọmọ yìí béèrè. Ó ní ẹni tó bọ́ tó sì di dókítà.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ tó sì jáde. Ọmọ mi jáde.

Kúnlé F-1
Kò sẹ́ni tó máa rántí tiwa tó wá pẹ̀lú F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́. Kẹ́mísìrì ń lù mí, gbogbo ọmọ kíláàsì ní kí n yáa drop ẹ̀, kí n fi kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, kó di W tí kì í ba GPA jẹ́. Credit 12 gééré ni mo ní lọ́wọ́, òun ló sì kéré jù tí físà gbà. Bí mo bá drop ẹ̀ láìgba àṣẹ ọ́fíìsì àwọn àlejò, mo ti ba físà mi jẹ́. Mo dúró, mo gba D. Ìgbà tí mo wá tún un ṣe tán, tí GPA gòkè dáadáa, ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbí kì í gba ẹni tí kò ní green card rárá. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ níhìn-ín, 2.5 kò yẹ kó lé ọ padà.

Oníṣirò
Kúnlé, kí lo wá ṣe?

Kúnlé F-1
PhD ní immunology, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn. Mo ṣì ń bá a lọ.

Ládi 'Bàdàn
Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí ẹ rán ọmọ wálé. Ọdún mẹ́fà péré, kò sí pé ò ń gba dìgírì mìíràn kó o tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà Oluyinka Olutoye tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ inú oyún ní Houston ní 2016, Ifẹ̀ ló ti kàwé.

Aṣọ Funfun
Ìgbéraga wa ni Dókítà Olutoye. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ bíi pé nílé ẹnikẹ́ni kì í já. Ta ni kò mọ ọmọ tó gba medicine nínú JAMB, tí 100 level sì gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn? Ẹ̀gbọ́n mi rèé, 1st MB, ìdánwò ńlá àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ló dá a padà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Níbí, ẹni tó bá ṣubú lọ́dún àkọ́kọ́ ṣì ní ọdún mẹ́ta tí yóò fi dìde.

Ládi 'Bàdàn
Owó tí wọ́n á fi dìde ńkọ́? Nínú dọ́là?

Aṣọ Funfun
Ìyẹn, mi ò lè jà ọ́ níyàn. Mo ṣì ń san tèmi.

Àbẹ̀ní Post-bacc
Èmi náà. Post-bacc mi, àwọn kọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe lẹ́yìn dìgírì kí n lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, owó àpò mi ni, mò ń ṣiṣẹ́ CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, lálẹ́ nílé àwọn arúgbó. Ọmọ Àkúrẹ́, tètè tún un ṣe nígbà tí owó ìrànwọ́ ṣì wà fún ọ, má jẹ́ kó dé ibi tí mo gbé e dé. Credit mélòó lo forúkọ sílẹ̀ fún lọ́tẹ̀ yìí?

Ọmọ Àkúrẹ́, Maryland
17, mà. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé mo lè ṣe é.

Àbẹ̀ní Post-bacc
Rárá! Já a sí 13. Sáyẹ́ǹsì méjì pẹ̀lú láàbù wọn, ó tó. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ sáré.

Ọmọ Àkúrẹ́, Maryland
Ẹ ṣé, mà, mo ti yọ kọ́ọ̀sì kan kúrò. Mo sì pe Dádì mi lálẹ́ àná. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé láìnì ti já. Wọ́n wá ní kí n ka àwọn máàkì náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà á. Wọ́n ní ṣé mò ń jẹun.

Bísọ́lá Atlanta
Yéè.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ bá mi kí Dádì rẹ.

Tóyọ̀sí
Ìbéèrè kan o. Ṣé ó lè lọ tún kẹ́mísìrì yẹn kọ́ ní community college, ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ó dínwó gan-an.

Àbẹ̀ní Post-bacc
Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ń gbà á, àwọn kan fojú kéré rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó já nínú kọ́ọ̀sì náà ní yunifásítì tó lọ síbi tó rọrùn. Kó lọ wo ohun tí àwọn tó wù ú kọ sórí ìkànnì wọn kó tó sanwó.

Aṣọ Funfun
Tàbí kó tún un kọ́ níbẹ̀ gan-an. Àbúrò, Sátidé mi ṣófo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mú limiting reagent wá sórí fídíò, má mú ìdáhùn dání.

Ìjẹ̀bú Brooklyn
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gba ẹni méjì? Àbúrò mi obìnrin wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní Buffalo, kò tíì fi máàkì tirẹ̀ han ẹnikẹ́ni nílé.