Ìpín ìdókòwò: ká rà á ká fi sílẹ̀, àbí ká máa rà ká máa tà?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kó owó díẹ̀ jọ, mo sì fẹ́ fi ra ìpín ìdókòwò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa rà láàárọ̀ kí n sì tà nírọ̀lẹ́, pé ibẹ̀ lèrè ti ń tètè jáde. Ẹlòmíràn ní kí n rà kí n gbàgbé ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn:
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó gbé owó sílẹ̀. Ọjọ́ tó o máa nílò owó náà ló máa pinnu ẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ilé tàbí owó ilé ìwé tó o máa san láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, má fi ra ìpín rárá. Fi sí báńkì níbi tí wọ́n ti ń san èlé. Lọ́dún 2008 nìkan, S&P 500 ti Amẹ́ríkà, tó kó àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi 500 pọ̀, pàdánù nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye rẹ̀ kò padà dé ibi tó wà ní 2007 títí di 2013. Nítorí náà, tí mo bá ní kó o rà á kó o fi sílẹ̀, ọdún gbọọrọ ni mò ń sọ, kì í ṣe oṣù mẹ́fà.

Ní ti kíá-kíá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Brad Barber àti Terrance Odean, yẹ àkáǹtì ìdílé tó lé ní 66,000 wò ní Amẹ́ríkà, láti 1991 sí 1996. Àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà jù lọ jèrè ìdá 11.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nígbà tí ọjà fúnra ẹ̀ mú 17.9 wá. Owó alágbàtà àti àlàfo tó wà láàárín iye tí wọ́n ń tà á fúnni àti iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ẹni ló jẹ èrè wọn.

Wo ojú fóònù rẹ dáadáa nígbà tó o bá fẹ́ rà, iye méjì ló wà níbẹ̀. Ká ní wọ́n á tà á fún ọ ní dọ́là 50.05, wọ́n á sì rà á lọ́wọ́ rẹ ní 49.95. Bó o bá ra igba ìpín, tó o sì tà á lójú ẹsẹ̀, ogún dọ́là ti lọ, ọjà ò sì tíì mira. Ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ ń san án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Owó orí náà ń bẹ. Ní Amẹ́ríkà, èrè orí ìpín tí o kò dì mú ju ọdún kan lọ, bíi ti owó oṣù ni wọ́n ṣe ń gba owó orí ẹ̀. Tó bá ti lé lọ́dún kan, ìdá 0, 15 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni, bí owó tó ń wọlé fún ọ bá ṣe tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ kọ́kọ́ lo ISA yín, ìyẹn àkáǹtì ìfowópamọ́ àti ìdókòwò tí ìjọba yọ̀ǹda láìgba owó orí: 20,000 pọ́n-ùn lẹ lè fi sí i lọ́dún, wọn kì í gba owó orí lórí èrè inú ẹ̀.

Ẹlòmíràn:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ mo fẹ́ gbè sẹ́yìn àwọn tó ń ṣe kárà-kátà díẹ̀. Iṣẹ́ ni fún ẹni tó bá fún un ní àkókò iṣẹ́. Kó tó rà, ó ti kọ iye tó máa fi jáde sílẹ̀, ì báà jẹ́ èrè, ì báà jẹ́ àdánù, kì í sì í yáwó ṣe é. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, tó wá ń fi ojú oorun wo ṣáàtì, kó má dán an wò.

Ìdáhùn:
Mo gbà pẹ̀lú yín. Àmọ́ àṣẹ pé kí wọ́n tà á tó bá já sí iye báyìí kì í gbani nígbà gbogbo. Bí ìròyìn burúkú bá jáde lóru, ọjà lè ṣí láàárọ̀ níbi tó rẹlẹ̀ jìnnà sí iye yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n á sì tà á. CFD tí wọ́n ń polówó kiri, ìyẹn àdéhùn tí èèyàn fi ń dáwó lé bóyá iye nǹkan máa lọ sókè tàbí sílẹ̀ láìra nǹkan náà gan-an, tún burú jù. Ní 2018, ESMA, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Yúróòpù, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún àkáǹtì àwọn tó ń fi owó ara wọn ṣe é, 74 sí 89 ló ń pàdánù.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. N kò nílò owó yìí fún bí ọdún mẹ́wàá. Kí ni kí n rà?

Ìdáhùn:
Index fund ni mo máa mú, ìyẹn àpò owó tó ń ra ìpín àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nínú àkójọ kan pa pọ̀. Ìpín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ lo máa ní lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan bá wó, kò lè gbé ẹ ṣubú. Jẹ́ kí wọ́n máa yọ iye kan náà lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Tí ọwọ́ bá ṣì ń yún ọ láti máa rà kó o máa tà, ya owó kékeré sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì mìíràn, èyí tó jẹ́ pé bó tán, o ò ní sunkún. Kó o tó fọwọ́ sí i, wo owó ìtọ́jú tí wọ́n ń yọ. Lórí 10,000, ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ mẹ́wàá, ìdá 1 jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ọdọọdún ni wọ́n sì máa yọ ọ́, yálà ọjà dáa tàbí kò dáa.