Ta ló sọ omi odò di "ìṣẹ́kù"?

Ọmọ Odò kọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí Ìyá Gírámà tò jọ lánàá fún iṣẹ́ iná àfomiṣe kékeré, ìyẹn iná mànàmáná tí wọ́n ń fi omi odò ṣe. "Ìsédò", ògiri tó ń dí odò, dáa. "Tọ́báìnì", ẹ̀rọ tí omi ń yí kó lè mú iná wá, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ "omi ìṣẹ́kù", fún omi tó gbọ́dọ̀ máa ṣàn nínú odò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa tiwọn sínú páìpù, mi ò gbà á, mà. "Omi àfisílẹ̀" ni kẹ́ ẹ pè é.

Ẹ wo "ṣẹ́kù" yẹn dáadáa. Ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ jẹun ò jẹ tán ló ń ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ gbogbo ẹ̀, kò jẹ̀bi, kò kàn ṣẹ́ kù ni. Àárín "ìṣẹ́kù" àti "àfisílẹ̀" gan-an ni wọ́n ti ń mọ ògiri ìsédò. Bí ẹ bá fi ẹnu páìpù sísàlẹ̀, tí ẹ ní kí èyí tó bá pọ̀ jù máa gba orí ògiri dà sódò, ìṣẹ́kù lẹ ṣe. Tó bá di oṣù Èrèlé, omi ò ní dé orí ògiri mọ́. Láti ibẹ̀ títí dé ibi tí omi tọ́báìnì ti ń padà sódò á gbẹ, ibẹ̀ sì làwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí odò rí tiẹ̀ gbà, ihò kan ní láti wà lára ògiri náà, kó rẹlẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ, kó má sì nílẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè tì lóru. Odò á kọ́kọ́ mu, tọ́báìnì á tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni mò ń pè ní "omi àfisílẹ̀".

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní odò kan ń gbé 4,000 lítà kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tá a bá pín ti ọdún dọ́gba. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí wọ́n sábà máa ń yàn fún odò jẹ́ 400 (ẹja kàn lè fi mí ni, kò tó o). Lẹ́ẹ̀rùn, odò yẹn lè já sí 600. Ó ku 200 fún tọ́báìnì tí wọ́n rà fún 2,000! Bí omi bá ń já láti mítà 15, nǹkan bíi 200 kìlówáàtì di 20, ìyẹn tí ẹ̀rọ bá tiẹ̀ gbà láti yí. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń fi àpò yanrìn dí ihò. Ẹni tó wọn odò lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà òjò, ò ní rí èyí nínú ìwé rẹ̀ láéláé.

"Ìgbéléwọ̀n ipa àyíká", tí wọ́n ń pe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ kan máa ṣe sí àyíká, náà tún ńkọ́? Ipa tí àyíká ní lórí ta? Iṣẹ́ ló ń nípa lórí àyíká. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ ní "ìpá" lókè yẹn. Ìpá! Àìsàn abẹ́ àwọn bàbá?

Ìyá Gírámà kọ̀wé:

Ọmọ Odò, o ṣeun. Kó o tó kọ́ mi ní "ṣẹ́kù", wo "fi sílẹ̀" tìẹ. Ìyàwó tí ọkọ fi sílẹ̀, ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ni? Nígbà tí àwọn àgbà bá ń pín ẹran ìgbẹ́, wọn kì í "fi" ti baálé "sílẹ̀". Ìpín ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì kọ́kọ́ gé e. Ìpín odò. Mo ti dá "ìṣẹ́kù" padà, àmọ́ mi ò gba tìẹ.

Ìwọ náà ló wá kọ "iná àfomiṣe kékeré". Kí ló kéré níbẹ̀? Wo ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta: tọ́báìnì mẹ́ta, mẹ́gáwáàtì 3 níkọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án péré, nígbà tí Nàìjíríà ń ka gbogbo ohun tí ò ju 30 lọ sí kékeré. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ga tó mítà 30, adágún rẹ̀ sì tó nǹkan bí 4,000 hẹ́kítà. Òfin 86 ti ọdún 1992, òfin Nàìjíríà lórí àyẹ̀wò àyíká yẹn, ò béèrè bí iná ṣe pọ̀ tó kó tó sọ àyẹ̀wò di dandan: ògiri tó ju mítà 15 lọ lórí ilẹ̀ tó ju 40 hẹ́kítà, tàbí adágún tó ju 400 hẹ́kítà. (1983 ni wọ́n ṣí Ọ̀yán, òfin ò tíì sí.) Nítorí náà, "iná kékeré àfomiṣe". Jẹ́ kí "kékeré" mọ ẹni tó ń bá rìn.

Abẹ́ Olúmọ kọ̀wé:

Ẹ jọ̀ọ́ mà, "ìpín" máa dà bí àyànmọ́ létí àwọn èèyàn: bí odò bá gbẹ, ìpín ẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀yán tí ẹ dárúkọ, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló bá a lọ. Omi tí ò ṣàn mọ́ ń bí ìgbín omi kéékèèké, ìgbín ń gbé kòkòrò, àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní Abúlé Titun, lẹ́bàá adágún náà, sì ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ìwé ìbéèrè àwọn ayẹ̀wò á wá kọ àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ yìí ní "àtọ̀sí ajá". Ìyá wo ló máa gbà pé ọmọ ọdún mẹ́wàá òun ní àtọ̀sí? Á ní rárá, òdo á sì jókòó sórí ìwé. "Ṣé ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ yín rí, pàápàá níparí ìtọ̀?" ni kí wọ́n bi í. Ta tiẹ̀ ló fi ajá sí i?

Ìyá Gírámà kọ̀wé:

Ajá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Má yọ ọ́.