Kí ló gbé àwọn òbí wa àgbà láti ọ̀dọ̀ Àkùkọ sọ́dọ̀ Ọ̀pẹ?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Oǹdó):
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Nígbà tí a tú àpótí ìyá wa àgbà, a rí báàjì ọlọ́pẹ kan (ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group) tí ó ti dípẹtà, aṣọ alákùkọ (àkùkọ ni àmì ẹgbẹ́ NCNC) ni wọ́n sì fi wé e. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ni méjèèjì. Kí ló ń yí ọkàn àwọn ènìyàn padà báyìí nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso: ọ̀rọ̀ dídùn àwọn olóṣèlú ni, àbí owó?

Ará Ọjà-Ọba (Àkúrẹ́):
Àbúrò, ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń yan aṣojú sí ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọlé ni ó sì jẹ́ pé ìlú wọn ni ó fà wọ́n kalẹ̀. Ní Oǹdó tiyín, ẹgbẹ́ ìlú tí ń jẹ́ Ondo Improvement League ni ó fà wọ́n kalẹ̀. NCNC ní tòun ni àwọn aṣojú náà. Action Group, tí wọ́n gbé jáde ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, ní tòun ni. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ jókòó ní Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní 1952, àwọn aṣojú Oǹdó náà dara pọ̀ mọ́ Awólọ́wọ̀, olórí Action Group. Àwọn kan ń pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ọ mulẹ̀ kò lè dalẹ̀ rẹ.

Ọmọ Ọlọ́wọ̀:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ìwé ìròyìn. Azikiwe, olórí NCNC, ti ní West African Pilot láti 1937, Awólọ́wọ̀ sì dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949. Ẹni tí ó mọ̀wé á kà á fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n; kí ó tó dé etí ẹnì kẹta, iyọ̀ á ti pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, owó orí ni mo gbà pé ó lágbára jù. Action Group bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé àwọn ọkùnrin lórí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, inú sì bí ará oko, nítorí owó ti jáde lápò wọn kí ilé ìwé kankan tó ṣí. Ní ìdìbò àpapọ̀ 1954, NCNC na Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955. Nígbà tí ó di 1956, Ọ̀pẹ gba ìjókòó 48 nínú 80 ní ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo bi bàbá mi léèrè: 1955 gan-an ni wọ́n wọ ilé ìwé. Wọ́n ní ọdún náà ni ìyá àgbà kò wọ aṣọ alákùkọ jáde mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù, nítorí aṣọ náà ṣì lágbára.