"Ìṣọ́ ẹyẹ" kọ́ ni wọ́n ń ṣe ní Ichkeul

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣeun fún ìtumọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí ohun tí àwọn àlejò ń wá ṣe ní Tùnísíà. Ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀ ni mi ò lè gbà: "ìṣọ́ ẹyẹ", tí ẹ fi pe lílọ wo ẹyẹ igbó, àti "ilé ìwẹ̀nùmọ́", tí ẹ fi pe ibi tí èèyàn ti ń wẹ̀ láti tọ́jú ara.

À ń ṣọ́ oko ìrẹsì kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́. Ọlọ́dẹ ń ṣọ́ ilé nítorí olè. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé awò tí ń fa ohun jíjìn mọ́ra lọ sí adágún Ichkeul, nítòsí Bizerte, kò fura sí ẹyẹ kankan. Nígbà òtútù, pẹ́pẹ́yẹ igbó ń ti Yúróòpù fò wá síbẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ó fẹ́ rí wọn, kó dá wọn mọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n ọdẹ gan-an ni: ìdákẹ́jẹ́, sùúrù, mímọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀. Ìbọn nìkan ni kò sí. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìfojúdọdẹ ẹyẹ".

Ẹ jẹ́ ká fi "ìṣọ́" sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ọdún 1980 ni UNESCO fi Ichkeul sára ohun àjogúnbá ayé. Nígbà tó di 1996, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu: ìsédò tí wọ́n ṣe sórí àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ti sọ omi di oníyọ̀, ewéko tí ẹyẹ ń jẹ sì ń kú. Ó di 2006 kó tó kúrò nínú ewu. Àwọn tó dúró tì í láàárín ọdún wọ̀nyẹn ló ṣọ́ ẹyẹ.

Ní ti "ìwẹ̀nùmọ́", ẹ̀ṣẹ̀ ló ń mú wá sọ́kàn. Oríkèé ríro ni àwọn èèyàn ń gbé lọ sí Korbous, ìlú etíkun kan ní Tùnísíà, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde lára àpáta, tó sì ń dà sínú òkun. "Ìwẹ̀ ìsun gbígbóná" tó o; ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì á mọ ohun tí à ń wí. Hàmáámù tiwọn, ilé ooru ìgboro ni. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ hàmáámù, bí a ṣe gba àlùwàlá.

Èyí tó ṣòro ni ti àwọn òtẹ́ẹ̀lì etíkun tó ń gbé omi òkun kaná láti fi tọ́jú ara. Bí mo bá pè é ní "omi ìwòsàn", omi àdúrà ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ̀yin Ìlàjẹ tó wà láàárín wa, kí lẹ ń pe ìwẹ̀ òkun tí èèyàn wẹ̀ nítorí ara ríro?